Takisí Ojú Òfurufú àti Ẹni tó San Gbèsè Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó dá takisí gbà, òun nìkan ni yóò ru gbogbo owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá èrò wọ̀ ọ́, owó ìjókòó kan ni yóò san. Owó ìjókòó kan yìí ni Ed Iacobucci fẹ́ gbé lọ sójú òfurufú ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀, DayJet, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2007. Èrò yóò sọ ibi tó ń lọ àti àkókò tó fẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì pa á pọ̀ mọ́ àwọn tí ọ̀nà wọn jọ dọ́gba. Bí èrò bá lè fi àyè sílẹ̀ nínú àkókò rẹ̀, owó rẹ̀ yóò dín kù.

Eclipse 500, tí wọ́n ṣe ní Albuquerque, ni ọkọ̀ tí wọ́n lò. Ó ní ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kéékèèké méjì, òfin sì gbà kí awakọ̀ kan ṣoṣo wà á. Síbẹ̀, awakọ̀ méjì ni DayJet ń fi síwájú, mo sì yìn wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ polówó ọkọ̀ yìí, wọ́n ní iye rẹ̀ kò ní tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tó fi di ọdún 2008, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì.

Ibi tó kàn mí gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba nìyí. FAA, àjọ tí ń fún ọkọ̀ òfurufú níwèé àṣẹ, fọwọ́ sí ti Eclipse ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ náà sì ni ọdún ìṣúná ìjọba wọn parí. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ tó yẹ ọkọ̀ náà wò ní iṣẹ́ kò tíì parí lórí ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ṣèlérí pé àwọn yóò parí rẹ̀ tó bá yá. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò dákẹ́, wọ́n fẹjọ́ sùn nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wọn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2008, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí fẹ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ Midway ní Chicago, ẹ́ńjìnnì méjèèjì kọ̀ láti dín agbára wọn kù. Wọ́n tún gbéra, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì kan, wọ́n sì balẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, a dúpẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ilé Aṣòfin. Àwọn tí FAA yàn láti yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé àṣẹ náà tọ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe yẹ lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é.

Ní oṣù kan náà, DayJet dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí kò rí owó mọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì padà sílé. Ní oṣù kọkànlá, gbèsè gbé Eclipse náà dé ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti san àsansílẹ̀ kò rí ọkọ̀, wọn kò sì rí owó wọn gbà.

Ọgbọ́n náà kò kú o. Lónìí, àwọn jẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà tí èrò lè tẹ bọ́tìnnì kan nínú wọn, kí ọkọ̀ dá balẹ̀ fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ bá dákú. Èmi kò bá ọgbọ́n jà. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí fáìlì bá dé orí tábìlì yín ní ọjọ́ tí ọdún ń parí, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí kò tíì parí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ bi í pé níbo lowó náà yóò wà títí ọjà yóò fi dé. Ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀mí àwọn èrò, ẹ má jẹ́ kó dá dúró. Ọlọ́run yóò ràn wá lọ́wọ́.