Láti Delhi sí Tokyo: Ìdí tí Àlọ àti Àbọ̀ Kò Fi Dọ́gba

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lójú òfúrufú. Àpẹẹrẹ kan ni ìrìn-àjò láti Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà dé Tokyo ní ilẹ̀ Japan.

Bí a bá na okùn mọ́ ara gúlóòbù láti ìlú kìíní dé èkejì, jíjìnnà wọn yóò tó bí 5,850 kìlómítà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ pé ọkọ̀ òfúrufú ń sá 850 kìlómítà ní wákàtí kan yóò pín in kíá, yóò ní wákàtí méje ó dín díẹ̀ ni àlọ, iye kan náà sì ni àbọ̀. Ìṣirò náà kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n àlọ a máa gba bíi wákàtí mẹ́jọ, àbọ̀ a sì máa kọjá wákàtí mẹ́sàn-án. Kí ló fà á?

Èkíní ni òkè. Okùn tí a nà yẹn gba orí àwọn òkè Himalaya àti ilẹ̀ Tibet kọjá. Kì í ṣe pé ọkọ̀ òfúrufú kò lè fò ga jù wọ́n lọ. Ewu ibẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá dédé jò dànù, awakọ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀ kánkán dé nǹkan bíi 3,000 mítà, kí èrò lè rí afẹ́fẹ́ mí sínú. Ilẹ̀ Tibet fúnra rẹ̀ sì ga ju 4,000 mítà lọ ní ibi púpọ̀. Níbo ni yóò sọ̀ sí? Nítorí ẹ̀mí èèyàn, àwọn ọkọ̀ a máa yà gba ìhà gúúsù.

Èkejì ni afẹ́fẹ́ líle tí ń ṣàn bí odò lókè réré, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Wasaburo Oishi, ọmọ ilẹ̀ Japan, fi bàlúùnù wọn agbára rẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1926. Èdè Esperanto ni ó fi kọ ọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ló kà á. Ní 1944, afẹ́fẹ́ yìí kan náà dààmú àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lókè Japan. Bí ó bá ń fẹ́ ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ tí ó tì lẹ́yìn yóò sá 950. Èyí tí ó dojú kọ ọ́ yóò sá 750 péré.

Ẹ̀kẹta ni aago. Aago Tokyo fi wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ ṣíwájú ti Delhi. Ẹni tí ó kúrò ní Delhi ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ó fi wákàtí mẹ́jọ fò, yóò bá aago méje àtààbọ̀ òwúrọ̀ ní Tokyo. Ẹni tí ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ tí kò yí padà ṣe ẹ̀rí yóò rò pé ilẹ̀ kò tíì mọ́.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìṣirò jíjìnnà má ṣe fi rúlà nìkan parí ẹ̀kọ́. Kí ó béèrè òkè tí ń bẹ lọ́nà, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àti ìlú tí ó ni aago tí a ń kà.