Àníyàn Tó Di Àìsàn: Ọwọ́ Kan Kò Gbé Ẹrù Dórí



Ẹ̀bi kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arábìnrin kan wá bá mi. Ó ní bí òun bá ti wọ ọkọ̀ èrò, àyà òun á máa já, òógùn á bo òun, á dà bíi pé òun fẹ́ kú. Mo ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà á. Ẹ̀rù kò lọ, ìtìjú ló fi kún un. Kò wá bá mi mọ́.

Mo ti wá mọ̀ pé àìsàn ló ń ṣe é, àìsàn tó ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọ̀nà kan ṣoṣo lè má tó o. Dókítà á kọ́kọ́ yẹ ara wò, nítorí àìsàn ọkàn tàbí gẹ̀gẹ̀ lè mú kí àyà máa já. Lẹ́yìn náà, olùdámọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ yóò bá yín sọ̀rọ̀: kí lẹ máa ń rò nígbà tí ẹ̀rù bá dé? Ṣé òótọ́ ni? Yóò kọ́ yín bí a ti ń mí jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ ń bẹ̀rù, ẹ ó kọ́kọ́ lọ dúró ní gáréèjì. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ ó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò tíì gbéra. Lẹ́yìn náà ẹ ó wọ̀ ọ́ dé bọ́sítọ́ọ̀pù kan péré. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù á máa rọlẹ̀.

Àwọn mìíràn nílò oògùn pẹ̀lú. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ má sì máa ra oògùn oorun láìrí dókítà, ó lè di bárakú.

Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ó tilẹ̀ pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Àìsàn tó le ju àníyàn lọ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: gbogbo ènìyàn náà là ń tọ́jú, kì í ṣe orí nìkan.

Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní àyà òun ń já, ẹ má wọn ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò. Ẹ bi í pé, "Ṣé kí n sìn ọ́ lọ rí dókítà?"

Bí arábìnrin yẹn bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo ṣe tán láti bá yín wọ ọkọ̀ náà.