Àtẹ Ìgégi àti Ìka Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Ìsọlọ̀

Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ igi wà lára ohun tí a kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní i fún ọdún pípẹ́.

Ẹ ti gbọ́ pé Ìgbìmọ̀ ń gbèrò láti ra ayùn alátábìlì, èyí tí iná mànàmáná ń yí, fún ilé iṣẹ́ tí a fẹ́ dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Mo wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn náà. Láti Òṣòdì títí dé Ìsọlọ̀, láti Máfolúkù dé Ilásamàjà, kò sí àdúgbò tí a kì í gbọ́ ìró ayùn. Láti ìgbà tí a ti kọ́ àwọn ilé ìjọba sí Òkè-Afá, ní àkókò Alhaji Lateef Jakande tí ó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè yìí, kò sì sí ilé tí kò fẹ́ ilẹ̀kùn, ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ káfíńtà jẹ́ iṣẹ́ tí ó lè bọ́ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kí a tó tan ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí a kọ́kọ́ kàn. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní crosscut sled. Èmi yóò máa pè é ní àtẹ ìgégi, nítorí pé bí ìyá aláte ṣe ń to ọjà sórí àtẹ ni káfíńtà ń gbé igi lé e, kí ó tó ti àtẹ àti igi pọ̀ sí ẹnu ayùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Ọmọ àbúrò mi obìnrin kọ́ṣẹ́ káfíńtà, èmi ni mo sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Ní ọdún kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí ó gé pákó kúkúrú kan ní ìdábùú. Kò sí ohun tí ó di pákó náà mú bí kò ṣe ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti irin ìdíwọ̀n tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn. Pákó náà yí díẹ̀, ó há sí àárín irin àti ayùn, ayùn sì ta á padà. Kí ọmọ náà tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìka méjì ti lọ lára ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, àbúrò mi bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ọwọ́ ọmọ níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé?” N kò bèèrè. Iye owó àti iye ọdún ni mo bèèrè.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, abẹ ayùn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10, bí ó bá ń yí ní ìgbà 3,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, eyín rẹ̀ ń sáré ju kìlómítà 160 lọ ní wákàtí kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tí ń sá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ìkìlọ̀ pọ̀ sí, ìṣirò ìjọba wọn fi hàn pé àwọn tí ayùn alátábìlì ṣe léṣe tí wọ́n sì dé ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọdún 2015 ju 30,000 lọ. Ní ọdún 1999 ni ọkùnrin kan níbẹ̀, Stephen Gass, ṣe àrà ẹ̀rọ tí ń dá ayùn dúró lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ti kan ara ènìyàn. Ayùn bẹ́ẹ̀ wọ́n ju agbára àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wa lọ. Ṣùgbọ́n àtẹ ìgégi kò ju puláíwúùdù, igi líle díẹ̀, gọ́ọ̀mù àti súkúrúù lọ.

Báyìí ni a ṣe ń kàn án. Lórí tábìlì ayùn, ẹ ó rí kòtò gbọọrọ méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún abẹ, ọ̀kan ní òsì. Ẹ fá ọ̀pá méjì láti ara igi líle tí ó ti gbẹ dáadáa, bí ìrókò tàbí apá, kí wọ́n wọ inú kòtò náà géẹ́, kí wọ́n máa yọ̀ lọ síwájú sẹ́yìn láìmì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí wọ́n bá ń há, ẹ fi àbẹ́là pa wọ́n lára. Ẹ kan puláíwúùdù tí ó nípọn tó mìlímítà 12 tàbí 18 mọ́ wọn lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé igi méjì tí ó ga dúró lórí rẹ̀ ní ìdábùú. Ọ̀kan wà ní iwájú lọ́hùn-ún, kí ayùn má ba à pín àtẹ sí méjì. Èkejì wà lọ́dọ̀ ẹni tí ń gégi. Òun ni pákó yóò fẹ̀yìn tì, òun sì ni olórí àtẹ náà.

Mo rọ̀ yín kí a ṣe é ní ńlá, kí ó lè gba pákó kọ́bọ́ọ̀dù tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Bí àtẹ bá kéré jù, ọmọ iṣẹ́ yóò pa á tì, yóò sì padà sí ọwọ́ lásán. Ṣùgbọ́n àtẹ ńlá wúwo, ó sì lè fì ṣubú bí ó bá yọ jù lẹ́yìn tábìlì. Nítorí náà, kí a kan tábìlì mìíràn tí ó bá a dọ́gba sí ẹ̀yìn ayùn láti gbà á, kí a sì fi ìdènà sí i kí ó má ṣe kọjá ààlà.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi ìfẹ̀yìntì náà gún régé sí abẹ ayùn, ìdánwò kan wà tí ọmọ ilé-ìwé mi lè ṣe. Ẹ mú pákó onígun mẹ́rin kan, ẹ gé etí rẹ̀ kan. Ẹ yí i kí etí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà fẹ̀yìn tì, ẹ gé èyí tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ìgbà karùn-ún, ẹ gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò lára etí àkọ́kọ́, kí ẹ sì wọn ìbú rẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí wọ́n bá dọ́gba, àtẹ tọ́. Bí ọ̀kan bá fi mìlímítà 2 ju èkejì lọ, ẹ pín in sí mẹ́rin, nítorí pé àṣìṣe náà ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdajì mìlímítà péré ni àtẹ fi yẹ̀. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ tún dán an wò.

Òfin lílò rẹ̀ kò pọ̀. Kí a kan ìtì igi sí ẹ̀yìn igi ìfẹ̀yìntì níbi tí abẹ ti ń yọ jáde, kí a kun ún ní ọ̀dà pupa. Ọwọ́ kì í dé ibi pupa. Kí abẹ má ṣe ga ju ohun tí yóò gé pákó já lọ. Kí a má ṣe fi irin ìdíwọ̀n ti ẹ̀gbẹ́ ayùn ṣe òdiwọ̀n fún igi tí a ń gé ní ìdábùú, nítorí ohun tí ó gba ìka ọmọ wa nìyẹn. Orí igi ìfẹ̀yìntì ni kí a de ìdíwọ̀n mọ́. Pákó kékeré, igi ni kí a fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í ṣe ìka. Àjẹkù igi, kí a má ṣe mú un títí ayùn yóò fi dúró jẹ́ẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwa ará Èkó mọ̀ dáadáa. Bí iná bá lọ nígbà tí igi wà lẹ́nu ayùn, ọmọ iṣẹ́ a máa na ọwọ́ yọ ọ́, a sì máa bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣàwàdà. Bí iná bá wá dé lójijì, ayùn tí a kò pa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nítorí náà, iná lọ, pa ayùn! Bí a bá sì ń ra ẹ̀rọ, kí a ra èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó tún ṣiṣẹ́ títí ènìyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, a mọ̀ pé inú yín yóò dùn láti fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Ẹ rántí pé iná inú ilé yín jẹ́ fólìtì 120, ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ 60. Tiwa kò dín ní fólìtì 230, ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ 50. Ẹ kọ̀wé sí wa kí ẹ tó rà. Ẹ̀yin ti Lọ́ńdọ̀nù, iná yín jọ tiwa. Abẹ ayùn tí ó mú àti jígí ìdáàbò ojú yóò wúlò púpọ̀.

Alága wa, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: kí owó àtẹ ìgégi wà nínú owó ẹ̀rọ náà, kí a kọ òfin lílò rẹ̀ ní èdè Yorùbá sára ògiri, kí ẹgbẹ́ má sì ṣe fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọmọ iṣẹ́ kankan láìkọ́kọ́ lọ wo ibi tí ọmọ náà yóò ti máa ṣiṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àtẹ ńlá tí ẹ ń wò lórí tábìlì níwájú yín yìí, ọmọ àbúrò mi ni ó kàn án. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní kí n sọ fún yín pé òun yóò wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa láìgba kọ́bọ̀. Ìka mẹ́jọ ni ó fi ṣe é. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tí yóò kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ parí ẹ̀kọ́ wọn pẹ̀lú mẹ́wàá.