ỌLỌ́PÀÁ ÀTI ALÁRÙN ỌPỌLỌ

Bí ọlọ́pàá bá pàṣẹ pé kí ènìyàn ju ọ̀bẹ sílẹ̀, tí onítọ̀hún kò sì jù ú, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọlọ́pàá lọ́kàn ni pé oríkunkun ni. Ṣùgbọ́n alárùn ọpọlọ lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè gbà pé àwọn tí ó yí òun ká fẹ́ pa òun. Bí a bá wá ń pariwo mọ́ ọn, tí a sì na ìbọn sí i, ohun tí ń bà á lẹ́rù gan-an ni a fi hàn án.

Ní ọdún 1987, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ẹni ọdún 27, ń fi ọ̀bẹ ya ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ké sí ọlọ́pàá. Ìrànlọ́wọ́ ni ó ń wá. Wọ́n ní kí ọmọ náà ju ọ̀bẹ sílẹ̀, kò jù ú, wọ́n sì yìnbọn pa á.

Ìbínú ará ìlú kò kéré. Ní ọdún 1988, àwọn ọlọ́pàá, ẹbí àwọn alárùn ọpọlọ àti àwọn olùkọ́ yunifásítì jùmọ̀ dá ètò tuntun sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tí ó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n mú, èyí sì dára, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní sùúrù. Wákàtí 40 ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, wọn a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn alárùn fúnra wọn. Kí ọlọ́pàá rẹ ohùn sílẹ̀, kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀, kí ó jìnnà díẹ̀, kí ó má kánjú. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Wọ́n sì ṣètò ilé ìwòsàn tí yóò gba aláìsàn láìjáfara, kí ó má baà di èrò àtìmọ́lé.

Ní ilẹ̀ tiwa, òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ ka ẹni tí ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọ̀daràn. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 yí i padà: ó ní kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé iwájú adájọ́, ọwọ́ ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí, ẹbí ni ó sì sábà máa ń pè wọ́n. Kí ẹni tí ó bá pè wọ́n sọ ọ́ kedere pé àìsàn ni, kí ó dárúkọ oògùn tí aláìsàn ń lò, kí ó sì sọ bóyá ohun ìjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò sí.