Páyílódà Kékeré Ẹlẹ́sẹ̀ Rọ́bà: Àǹfààní àti Àléébù Rẹ̀

Ìbéèrè tí ẹ gbé ka iwájú mi ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan yá owó láti fi ra páyílódà kékeré tí ń fi bẹ́líìtì rọ́bà rìn? Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀rọ tí à ń wí.

Ilé ohun ọ̀sìn ni a ti bí ìran ẹ̀rọ yìí. Ní ọdún 1957, ní ìlú Rothsay, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Cyril àti Louis Keller, rọ páyílódà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún àgbẹ̀ kan tí ń sin tòlótòló. Àwọn òpó inú ilé ẹyẹ náà sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí katakata kò fi lè ráyè yí níbẹ̀ láti kó ìgbẹ́ wọn. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ náà di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn aṣẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí fi bẹ́líìtì rọ́bà rọ́pò táyà rẹ̀.

Àǹfààní kìíní ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà fúyẹ́ lórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Kí a sọ pé ẹ̀rọ kan wọn 4,000 kìlógíráàmù nígbà tí kò tíì ru ẹrù, tí bẹ́líìtì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì fi 150 sẹ̀ǹtímítà ní òró kan ilẹ̀. Bẹ́líìtì méjèèjì yóò kárí 12,000 sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró. Ohun tí yóò bọ́ sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdámẹ́ta kìlógíráàmù. Ènìyàn tí ó wọn 70 kìlógíráàmù ńkọ́, tí ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 175 sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró? Tirẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún kìlógíráàmù. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ ènìyàn tẹ ilẹ̀ ju ti ẹ̀rọ yìí lọ! Ìdí nìyí tí kì í fi í tètè rì nínú ẹrẹ̀ níbi tí oní-táyà yóò ti há.

Àǹfààní kejì ni pé ó lè wọ ibi tóóró. Bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ kan lè lọ síwájú kí ti èkejì lọ sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ náà sì yí ojú padà láì kúrò lójú kan.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti dùn náà ni ó ti ń korò. Bí ó bá ti ń yí báyìí, bẹ́líìtì rẹ̀ a máa họ ojú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ilẹ̀ ni ọ̀rá rẹ̀ wà. Ọ̀dà títì àti òkúta mímú a sì máa jẹ rọ́bà náà kíákíá. Bí ẹrẹ̀ àti òkúta bá há sáàárín róólà rẹ̀, tí a kò fọ̀ ọ́, a ó fi owó gbára. Kò yára nírìn. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé e láti oko dé oko. Ó sì sábà máa ń wọ́n ju oní-táyà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó wúwo ju ti owó lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ní ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi onírúurú ọ̀nà ṣán igbó, wọ́n sì wo iye erùpẹ̀ tí àgbàrá òjò ń gbé lọ. Ibi tí a fi ọwọ́ ṣán ni erùpẹ̀ rẹ̀ ṣòfò kéré jù. Ibi tí ẹ̀rọ ti hú igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni ó pàdánù púpọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nìkan ni ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ náà ń bà á jẹ́. Páyílódà wa yìí fúyẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ti abẹ irin rẹ̀ bọ ilẹ̀, ọ̀rá tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó jọ yóò bá a lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Èrò tèmi nìyí. Bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà bá jẹ́ kíkó ìgbẹ́ adìẹ, rírọ́ iyẹ̀pẹ̀ àti gbígbé ẹrù lórí ilẹ̀ tútù, tí iṣẹ́ náà sì ń bẹ jálẹ̀ ọdún, kí wọ́n rà á. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún, kí wọ́n háyà rẹ̀. Ẹ̀rọ a máa sùn, ṣùgbọ́n èlé orí gbèsè kì í sùn. Bí ó bá sì jẹ́ igbó ni wọ́n fẹ́ fi ṣán, kí wọ́n jẹ́ kí àdá ṣíwájú, kí ẹ̀rọ máa kó ohun tí àdá bá gé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí. Ẹ̀yin tí a jọ jókòó, ó kù sọ́wọ́ yín.