Òkun Kì í Hó Ruru Ká Wà Á Ruru: Bí A Ó Ṣe Múra fún Ìrìn Àjò Wa sí Ihò Staffa

Ọ̀rọ̀ tí akápò ẹgbẹ́ bá àwọn ìdílé sọ ní ìpàdé oṣù kẹsàn-án

Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn àjò tí àwọn ọmọ wa ti ń béèrè, ìyẹn ni pé kí a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ihò ńlá tó wà ní erékùṣù Staffa, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ọkàn wọn pé, "Akápò tún ti dé, owó ló fẹ́ gbà." Òótọ́ ni, owó ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ.

Kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Staffa jẹ́ erékùṣù kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Àjọ National Trust for Scotland ló ni ín láti ọdún 1986. Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, iná inú ilẹ̀ tú àpáta yíyọ́ jáde níbẹ̀. Bí àpáta náà ti ń tutù ló ń sún kì, ó sì ń là bí ẹrẹ̀ tí oòrùn pa, títí ó fi di òpó lóríṣiríṣi. Púpọ̀ nínú àwọn òpó náà ní igun mẹ́fà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbẹ́ wọn. Ìgbì òkun wá gbẹ́ ihò wọ àárín wọn. Ihò yìí, tí wọ́n ń pè ní Fingal's Cave, jìn wọ inú tó nǹkan bí 70 mítà, òrùlé rẹ̀ sì ga tó nǹkan bí 20 mítà. Bí omi bá ń wọ inú rẹ̀, ó máa ń dún. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sọ èdè Gaelic fi sọ ọ́ ní An Uaimh Bhinn, ìyẹn ihò olóhùn dídùn. Felix Mendelssohn, olórin ọmọ Jámánì, dé ibẹ̀ ní ọdún 1829, ó sì ti ibẹ̀ rí orin ńlá kan kọ. Ọbabìnrin Victoria náà dé ibẹ̀ ní 1847. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn òbí wa mú wa lọ gun Olúmọ. Kí ni àwọn ọmọ wa yóò sọ pé àwọn òbí àwọn mú àwọn lọ wò ní ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Ẹ rántí pé a gbìyànjú irú ìrìn àjò yìí ní ọdún 2019. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí omi, ọ̀gá atukọ̀ ní òun kò ní gbéra, nítorí ìgbì ga. Àwọn kan nínú wa ní kí a bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní kí a fi nǹkan kún owó rẹ̀. Ojú tì mí. Ẹlẹ́kọ̀ ojú omi dá owó wa padà, ṣùgbọ́n owó ibùsùn àti owó bọ́ọ̀sì tí a háyà wọgbó. Ìyá kan tó ti sanwó ọmọ mẹ́rin bi mí pé, "Owó mi ńkọ́?" N kò ní èsì. Èmi tí mo kàwé ìṣirò owó tí mo gbàwé ẹ̀rí, n kò ka ìwé àdéhùn wọn dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a ṣe tọ̀tẹ̀ yìí lọ́nà mìíràn: kí a ti ka "òkun lè kọ̀" mọ́ ìnáwó wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni ọ̀nà. Láti Glasgow dé Oban tó wákàtí mẹ́ta. Láti Oban, ọkọ̀ ojú omi ńlá á gbé wa dé Craignure ní erékùṣù Mull láàárín nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀sì á wá gbé wa la Mull já dé Fionnphort, ó lé ní wákàtí kan. Ibẹ̀ ni a ó ti wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Staffa, nǹkan bí 45 ìṣẹ́jú. Ẹ ò rí i pé àlọ àti àbọ̀ lójúmọ́ kan yóò pa àwọn ọmọ lára. A ó sun Oban. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni àwọn ọkọ̀ náà máa ń lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni mo dábàá: ilé ìwé ti padé, àwọn ẹyẹ puffin alágógó aláràbarà sì ṣì wà lórí erékùṣù. Tó bá di ìparí oṣù náà, wọ́n ti ń padà sójú òkun.

Èkejì ni owó. Láti oṣù kìíní ọdún 2022, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 22 ní Scotland lè wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá ti gba káàdì rẹ̀. Àwọn àgbà tó ti pé 60 náà ní tiwọn. Bọ́ọ̀sì Oban wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, a kò ní háyà bọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ gba káàdì àwọn ọmọ nísinsìnyí, ẹ má dúró di oṣù kẹfà. Ẹ bá mi lẹ́yìn ìpàdé, a ó jọ kún fọ́ọ̀mù náà.

Ní ti ìyókù, ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Bí owó ẹnì kan bá jẹ́ £100, a ó kó o díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹwàá dé oṣù karùn-ún, £12.50 lóṣù, bí ẹni ń dá àjọ. Nínú rẹ̀, £10 ni màá pè ní owó ìgbì. A kò ní fọwọ́ kàn án. Bí òkun bá kọ̀, òun la ó fi dí ihò tó bá yọ. Bí òkun bá gbà, gbogbo ènìyàn á gba £10 rẹ̀ padà. Gbogbo owó á wà ní báǹkì, ènìyàn méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i, ẹni tó bá san kọ́bọ̀ á gba rìsíìtì. Ilé ibùsùn tí kò bá gbà kí a yí ọjọ́ padà, a kò ní sanwó fún un, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ̀kẹta ni òkun fúnra rẹ̀. Ìjì tó jà níbi jíjìn lè rán ìgbì dé Staffa lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn níbẹ̀. Nígbà mìíràn ọkọ̀ á lọ, ṣùgbọ́n kò ní lè gúnlẹ̀, ojú omi ni a ó ti wo ihò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n lè ti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wọ inú ihò pa. A ó béèrè gbogbo èyí kí a tó san kọ́bọ̀. Ọkọ̀ tó bá ń kó ju èrò 12 lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, a ó sì ní kí wọ́n fi hàn wá. Mo sì fẹ́ kí a pinnu lónìí: ọ̀rọ̀ ọ̀gá atukọ̀ labẹ́ gé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ara wa. Kí gbogbo ọmọ wọ life jacket tó bá a mu, kí òbí di í fún un. Bàtà tí kò yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ìró àti bùbá dára, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, òpó àpáta náà a sì máa yọ̀ bí omi bá wà lórí rẹ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórí erékùṣù náà, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń kó lóòyì, kí ó lọ bá apòògùn ṣáájú. Aláboyún, kí ó bi nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Omi ibẹ̀ tutù, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹnì kan bá já sínú rẹ̀, òtútù á gbà á léèémí. Kó má bá omi jà. Kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó jẹ́ kí etí rẹ̀ wọ omi, kó léfòó títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ bẹ́ lé e. Kó ké sí àwọn atukọ̀, kó pe 999, kó béèrè Coastguard. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ nílé.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan ń bẹ̀rù omi, nítorí a kò kọ́ ìwẹ̀ odò. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ ọkọ̀ kékeré lè dúró dè wá ní Fionnphort, owó ọkọ̀ náà kò ní sí lọ́rùn rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí oṣù yìí tó parí. Àlọ ire, àbọ̀ ire ni tiwa o.