Tracy Chapman: Ẹni Tó Ni Orin Ló Ni Ẹnu Ọ̀rọ̀

Bí ẹ bá wà nínú dánfó, ẹ yáa ki earpiece bọ etí.

Tracy Chapman ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Bí orúkọ yẹn kò bá tètè sọ sí yín lọ́kàn, ẹ mọ "Fast Car". Àwọn kan nínú yín rò pé Luke Combs ló ni ín, torí pé tirẹ̀ ló gba orí fóònù gbogbo wa kan ní 2023. Tracy ló kọ ọ́. Ọdún 1988 ló gbé e jáde, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.

Ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1964. Ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ òun àti arábìnrin rẹ̀, owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Tufts, ó máa ń ta gìtá lẹ́bàá títì ní Harvard Square, kí àwọn tó ń kọjá lè ju owó sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe wá rí i gan-an ló dùn mọ́ mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣètò ìwọ́de lòdì sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní South Africa, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa kọrin níbẹ̀. Wọ́n dárúkọ Tracy fún Brian Koppelman, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò. Ọmọ yìí lọ gbọ́ ọ, ẹnu yà á, bàbá rẹ̀ sì wà nídìí òwò orin. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé ó lókìkí tán kó tó wá ìjà kan fi ṣe fáàrí. Inú ìjà ni wọ́n ti bá a.

Ó di ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1988, ní Wembley, ní London. Wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí Mandela tó fẹ́ pé 70 ọdún, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lẹ́wọ̀n. Tracy ti kọ tirẹ̀ tán lọ́sàn-án. Nígbà tó kan Stevie Wonder, wọ́n wá dísíìkì kọ̀ǹpútà tí orin rẹ̀ wà nínú rẹ̀ tì. Stevie bá ẹkún jáde. Wọ́n ní kí Tracy tún padà wá bá wọn dí àyè náà. Kò sí ẹgbẹ́ onílù, kò sí oníjó. Gìtá kan, ohùn kan, níwájú pápá tó kún àkúnya, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè tó lé ní 60. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwo orin rẹ̀ fi gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà àti ní Britain. Grammy mẹ́ta ló gbà ní 1989.

Lọ́dún 1988 yẹn náà ló bá Amnesty International rìnrìn àjò yí ayé ká nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, pẹ̀lú Sting, Bruce Springsteen, Peter Gabriel àti Youssou N'Dour. Wọ́n dé Harare, wọ́n dé Abidjan. Wọn ò dé Èkó. Ológun ló ń ṣèjọba lórí wa nígbà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Nicki Minaj fi "Baby Can I Hold You" ti Tracy ṣe ìpìlẹ̀ orin kan, òun àti Nas. Wọ́n tọrọ àṣẹ, Tracy ní rárá. Wọ́n tún tọrọ, ó ní rárá. Nicki yọ ọ́ kúrò nínú àwo orin rẹ̀ ní 2018, àmọ́ orin náà jò, wọ́n sì gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò ní New York. Tracy pe ẹjọ́. Adájọ́ ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí olórin dán nǹkan wò ní sítúdíò. Ti jíjò ló kù. Ní 2021, Nicki san $450,000 fún un, ẹjọ́ parí.

Àwọn kan ní agídí ni, ṣebí èèyàn ńlá ló fẹ́ bá a gbé orin rẹ̀ ga. Èmi ò gbà. Ẹni tó lọ kọrin fún Mandela láìjanpata ló tún sọ pé rárá fún Nicki, ìjà kan náà ni lójú tèmi: ta ló láṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi? Mo mọ ọmọbìnrin kan ní Agége tó fi ègbè orin ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ègbè ọ̀hún níbi ìnáwó, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọrin, ẹ kọ ẹni tó ni kiní kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ tó jáde ní sítúdíò.

Ti Luke Combs yàtọ̀. Bí orin ṣe wà ló kọ ọ́, kò tilẹ̀ yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Orúkọ Tracy wà lórí rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń wọlé fún un. Ní 2023, orin náà sọ ọ́ di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Song of the Year níbi ẹ̀bùn CMA ti àwọn olórin country. Ọdún 35 lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jáde!

Àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́ níbi Grammy 2024. Bí dátà bá wà, ẹ wá fídíò yẹn, kí ẹ wo bí Combs ṣe ń wò ó. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.